Owó Aláìníhò Inú Àpótí Bàbá Ọkọ Mi

"Màmá, àárín tí wọ́n lù jáde lára owó oníhò, níbo ló wà báyìí?"

Ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń bá a gé èékánná. Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ bi bàbá àgbà, pé àwọn ló ni owó náà. Bàbá àgbà yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n wá ní, "Adájọ́, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìyẹn rí."

Adájọ́ là ń pe ọmọ náà nílé. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n tó bá ti pe ẹjọ́, ìgbẹ́jọ́ ò ní í tú ká títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn. Ìbéèrè yìí ò sì ní ìdáhùn. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń dìde lóru láti gbọ́ bóyá ọmọ yín ń mí, ẹ bá mi fi sùúrù kà á. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ti lómìnira láti bú mi. Ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ọ́. Gbogbo ilé ti dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sùn. Mò ń gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń dún ní yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé èmi ni ò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Bàbá ọkọ mi ń bá wa gbé. Yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná ni tiwọn. Wọ́n ní àpótí kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ àrán sí nínú, ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn owó ayé àtijọ́ sí, láti ìgbà tí àwọn àjèjì ń ṣàkóso. Gbogbo wọn ló ní ihò láàárín, àfi ẹyọ kan.

Ẹyọ kan yẹn ni olórí wọn. Kí ìjọba ìgbà náà tó tẹ owó tuntun síta, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ láti fi han àwọn ọ̀gá, bí aránṣọ ṣe máa ń fi àpẹẹrẹ han oníbàárà kó tó gé aṣọ. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n tẹ oníhò, wọ́n tẹ aláìníhò. Àwọn ọ̀gá wò ó síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn, wọ́n mú oníhò. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yọ́ aláìníhò padà. Kò dé ọjà. Kò ra abẹ́rẹ́ rí.

Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi ni òjíṣẹ́ tó gbé àwo àpẹẹrẹ náà wọlé fún wọn, òun náà ló gbé e jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ̀hún mú ẹyọ kan nínú aláìníhò, ó jù ú sí i, ó ní, "Gbà. Kò lè ra nǹkan kan."

Bàbá fẹ́ràn láti máa fi ṣe àwàdà. "Ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń jogún owó tí kò ṣeé ná," wọ́n á wí. "Ìyàwó ò lè tọrọ rẹ̀. Olè ò sì mọ̀ ọ́n lówó."

Olè mọ̀ ọ́n lówó. Olè náà ló ń kọ̀wé sí yín yìí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe eyín. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti ká, dókítà á ki èròjà rírọ̀ kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó gé e jẹ, á sì fi ránṣẹ́ sí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa á da ẹfun pípò sínú ojú ibi tó gé jẹ yẹn. Tí ẹfun bá le, ó di páárì onítọ̀hún gan-an, láìsí onítọ̀hún níbẹ̀. Orí páárì ẹfun yìí la ti máa ń to eyín tuntun. Tó bá ti gba eyín rẹ̀ lọ, a ó fọ́ páárì náà, a ó dà á nù.

Eyín òkè Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Irin fẹ́lẹ́ ló lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu wọn, eyín wá tò sí etí rẹ̀. Bí àlejò bá yìn wọ́n pé ẹ̀rín wọn dára, wọ́n á ní, "Ìyàwó ọmọ mi ló ni ẹ̀rín. Mo kàn ń yá a lò ni."

Bí èmi àti wọn ṣe rí nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ń nu eruku yàrá wọn, èmi ni wọ́n máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí. Wọn kì í fún ọmọ tí wọ́n bí.

Nígbà tí Adájọ́ ò rí ìdáhùn gbà, ó sọ ẹjọ́ náà di ẹ̀bẹ̀. Ó ní àwọn owó yòókù ti sọ àárín wọn nù, aláìníhò nìkan ló ní tirẹ̀, òun fẹ́ dì í mú sùn ní alẹ́ kan péré.

"Wò ó, má fọwọ́ kàn án," ni Bàbá wí. "Òógùn ọwọ́ ọmọdé ju omi iyọ̀ lọ."

Ọmọ mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ kejì náà. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbóná díẹ̀. Ọkọ mi ní kò gbóná. Ọkọ mi ò mọ orí tó gbóná yàtọ̀ sí orí tó tutù, ọwọ́ ọkùnrin ni.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń ta oúnjẹ nù, ọgbọ́n tó máa ń dé sí i lágbárí kì í ṣe ọgbọ́n gidi. Èyí tó dé sí tèmi rèé: ṣebí mo lè ṣe irú rẹ̀ fún un? Ẹni tó ń ṣe eyín tí ọkọ ò mọ̀ pé kì í ṣe ti ìyàwó òun, ṣé owó ni yóò wá ṣòro fún? Kí n mú un ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tẹ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú èròjà wa, kí n dá a padà kí Bàbá tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo nu eruku. Mo mú owó. Mo tún nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tí kì í pariwo ni wọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ohun tí kò bá ní í wọ ẹnu èèyàn, kò gbọdọ̀ kan tábìlì mi." Nítorí náà mo dúró títí wọ́n fi jáde lọ kí oníbàárà kan, kí n tó yọ owó náà. Mo tẹ ojú rẹ̀, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mú àwòrán bí ẹni pé òun náà ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ látijọ́.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ bàtà Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà.

Owó wà láàárín ọwọ́ mi. Àpò kò sí lára aṣọ iṣẹ́ wa. Àwọn páárì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹfun fún ní àárọ̀ ọjọ́ náà wà níwájú mi lórí àwo, ìdí wọn ṣì rọ̀. Mi ò ronú. Mo tì í bọ inú ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò rẹ́ ojú rẹ̀ bò.

Ọ̀gá wọlé, wọ́n wò mí. "Kí ló dé tí òógùn bò ọ́ báyìí?"

"Ooru ni, Ọ̀gá."

"Ooru tó mú ìwọ nìkan?"

Wọ́n bojú wo àwo náà, wọ́n ní inú àwọn dùn lónìí, pé àwọn á bá mi gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti gbẹ. Ẹ wo àánú tó fẹ́ pa èèyàn! Wọ́n gbé e, wọ́n to àwọn páárì náà sí pẹpẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi ẹ̀rọ wa lọ ìdí gbogbo wọn kí wọ́n lè jókòó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo lọ dúró níwájú pẹpẹ. Àwọn páárì wò mí. Gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ò léyín, gbogbo wọn ló dà bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ èwo nínú wọn ló gbé owó Bàbá mì.

Mi ò lè fọ́ wọn. Ẹnu èèyàn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn tó ń fi èrìgì jẹun nílé, tó ń retí mi. Tí mo bá sì jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá, iṣẹ́ lọ. Mo pinnu pé mà á dúró kí wọ́n gba eyín wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti ń fọ́ páárì wọn, lọ́jọ́ kan mà á bá a.

Ṣùgbọ́n kí ni mà á fi sínú àpótí títí di ọjọ́ náà?

Ẹ ti mọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá ò sí nítòsí, mo yọ́ irin, irú èyí tí a fi ń ṣe àjà ẹnu, mo dà á sínú àwòrán tí mo tẹ̀. Mo họ ọ́, mo yùn ún, mo dán an. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, owó tí mo ṣe fún ọmọ mi ló sùn sórí aṣọ àrán Bàbá. Ọmọ tí mo torí rẹ̀ jalè ò rí nǹkan kan gbà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni Bàbá máa ń ṣí àpótí wọn. Wọ́n mú aláìníhò, wọ́n yí i, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n tún yí i.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Ó dà bíi pé owó yìí ti sanra."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wò mí, torí èmi ni mo máa ń nu àpótí náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Olè jíjà kọ́. Gbólóhùn kan ni.

"Bàbá," mo fi ẹ̀rín sọ ọ́, "ojú yín ló ń ṣe yín. Owó kì í sanra."

Bàbá tún wò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Bóyá." Wọ́n pa àpótí dé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ń tán síbi tí a bá sọ ọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń yẹ ara wọn wò. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á padà wá fà á wò bóyá wọ́n tì í. Wọ́n á mu tíì tán, wọ́n á bi ọkọ mi léèrè bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ìtàn, wọ́n á dúró lágbede méjì, wọ́n á wo ojú wa. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí àpótí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pa á dé.

Ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ń fọ́ páárì. Awakọ̀ kan gba eyín rẹ̀, mo sáré fọ́ tirẹ̀: ẹfun lásán. Ìyá akọrin kan gba tirẹ̀: ẹfun lásán. Ológun tó ti fẹ̀yìn tì wá, ó gba eyín, ó sì fẹ́ jókòó bá wa sọ̀rọ̀ ogun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í jáde. Ẹfun lásán. Ọ̀gá ní, "Mi ò rí ẹni tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ kó ìdọ̀tí bíi tìrẹ rí."

Nílé, ọkọ mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Èèyàn rere ni Àǹtí, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ ilé wò, ńṣe ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Wọ́n dé, wọ́n ṣí fìríìjì wa, wọ́n pa á dé, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bàbá léèrè ọjọ́ tí a wà àti iye ọmọ wọn.

"Ẹ̀yin méjì yìí ni," ni Bàbá wí. "Ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan ń bẹ̀rù."

"Bàbá, ẹ má fi ṣe àwàdà."

"Kí ni kí n wá fi ṣe?"

Àǹtí pe èmi àti ọkọ mi sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn. Bàbá á máa bá àwọn lọ sílé àwọn, yàrá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn, àwọn á máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, Bàbá ò ní í máa dá jáde mọ́. "Ìwọ náà lo sọ ọ́, ìyàwó wa. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i pé ojú ń ṣe wọ́n."

Mo ní, "Ẹ̀n, Àǹtí."

Ẹ rí i pé mo tún ní àǹfààní níbẹ̀. Mo fi ẹnu mi sọ ọ́ nù.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Bàbá, wọn ò jà. Wọ́n yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ wọn kúrò lára okùn, wọ́n nà án sí ọkọ mi. "Gbà á, kí n má baà sọ ọ́ nù." Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró di Àbámẹ́ta. Ọkùnrin kan tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ, tó ń kọ ìwé lórí irú owó àpẹẹrẹ tí kò dé ọjà bẹ́ẹ̀, ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá wo aláìníhò. Bàbá ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ẹni náà á wo owó tí mo fi irin àjà ẹnu ṣe, á sì pe bàbá ọkọ mi ní oníjìbìtì.

"Màmá," ni Adájọ́ wí lálẹ́ ọjọ́ náà, "tí ojú bàbá àgbà bá ń ṣe wọ́n, báwo ni wọ́n ṣe rí bisikíìtì tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí láti ẹnu ọ̀nà?"

"Lọ fọ ẹnu rẹ."

"Ṣé ìdáhùn nìyẹn?"

Àbámẹ́ta dé. Àlejò náà dé pẹ̀lú rẹ̀, ó so awò kékeré kan mọ́ ọrùn, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí ó tó jókòó. Adájọ́ sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Aláwò. Àǹtí ti gbé àpótí ìrìn àjò Bàbá sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n lè gbéra bí àlejò bá ti lọ. Mo bu omi fún àlejò. Mo tún bu omi míì fún un, kò tíì mu ti àkọ́kọ́.

Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. "Bàbá, mo ti ṣe tán."

"Kí n dágbére fún un ná," ni Bàbá wí.

Wọ́n mú owó náà, wọ́n fi etí rẹ̀ kan ètè ìsàlẹ̀ wọn, wọ́n rọra yí i. Wọ́n ṣàlàyé fún àlejò pé bàbá àwọn ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Ojú lè tan èèyàn jẹ, ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ ti yi, ètè nìkan ni kì í dàgbà.

Wọ́n dúró. Wọ́n tún yí i. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan bọ ẹnu, wọ́n yọ eyín òkè wọn jáde.

"Bàbá!" Àǹtí dìde. "Níwájú àlejò!"

Wọ́n fi etí irin eyín náà kan ètè. Wọ́n fi owó kan án. Wọ́n tún fi eyín kan án. Ojú wọn ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí yàrá tí wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀.

"Ìyàwó," wọ́n wí, ẹnu wọn ti rọ̀ wọlé.

"Bàbá."

"Owó yìí àti eyín mi, ìyá kan náà ló bí wọn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ibi iṣẹ́ wa, etí irin kankan ò gbọdọ̀ mú. A máa ń yùn ún títí yóò fi yí bírí, kó má baà gé ahọ́n ẹni tó ni ín. Ọdún tí mo ti ń ṣe é ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi kì í bi mí léèrè mọ́. Etí owó gidi máa ń mú. Èmi ṣe owó tí kò lè pa èèyàn lẹ́nu lára.

Mo ti ń ronú ohun tí mà á sọ nígbà tí Àǹtí gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Wọ́n yíjú sí àlejò, omi wà lójú wọn. "Ẹ máa bínú, sà. Ohun tí à ń wí nìyí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ti ń pe owó ní eyín."

Ọkọ mi tẹ orí ba. Àlejò ń rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura sí mi. Ẹ gbọ́ mi: kò sẹ́nì kankan. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbé àpótí ìrìn àjò yẹn, wọ́n á mú Bàbá lọ́wọ́ bí ọmọdé, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Bàbá wò mí. Wọn ò bínú. Ohun tó pa mí nìyẹn: ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni Bàbá ń sọ. Èmi ni mo ṣe owó yẹn."

"O ṣe kí ni?" ni ọkọ mi wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọmọ tí kò jẹun dé orí páárì. Àlejò dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan péré. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ dáadáa. Owó àpẹẹrẹ ọ̀hún wà nínú kí ni?"

"Nínú páárì ẹnì kan, sà."

Ó mu omi méjèèjì tí mo bù fún un.

Ọkọ mi ti fẹ́ máa pariwo, Bàbá nawọ́ dá a dúró. "Ẹ jẹ́ n wọ eyín mi ná. Èèyàn ò lè bínú láìléyín." Wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó de ìbínú náà, àfi bí ẹni pé kò wá mọ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Owó kọ́, ìyàwó. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí mo ti ń bẹ̀rù orí ara mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, mà á kọ́kọ́ pe orúkọ gbogbo yín nínú ọkàn, kí n tó dìde, bóyá ẹ ṣì pé. Ìwọ sì wà níbẹ̀, ò ń gbé tíì fún mi."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọkọ̀ àlejò la wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa, a há mọ́ ara wa. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún wọn lórí ìdúró. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Nínú páárì ọjọ́ ooru yẹn, èwo lo ò tíì fọ́?"

Ẹyọ kan ló kù. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, mo ti fi agolo bò ó. Ti Bàbá ni. Eyín ìsàlẹ̀ wọn tuntun ló yẹ kí n tò sórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n ojú ẹnu yẹn ò ṣeé wò fún mi. Ti gbogbo èèyàn ni mò ń parí, ti Bàbá ni mò ń tì sẹ́yìn.

Ọ̀gá gbé e sórí tábìlì, wọ́n fa òòlù lé Bàbá lọ́wọ́. "Ẹnu yín ni, sà. Àṣẹ dọwọ́ yín."

"Mi ò gbá ara mi lẹ́nu rí," ni Bàbá wí, wọ́n sì gbá a.

Owó náà já bọ́, ó funfun, ó yí lórí tábìlì, Ọ̀gbẹ́ni Aláwò fi ọwọ́ méjèèjì bò ó bí ẹni tó mú ẹyẹ. Ó nù ún, ó gbé awò sójú. Ó kérora. Ẹ̀rọ tí Ọ̀gá fi lọ ìdí àwọn páárì ti jẹ ẹ́ létí, àpá kan wà níbẹ̀ tó ń dán. Ó ní òun ni, kò sí àníàní, ṣùgbọ́n àpá yìí ò ní í lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú ló máa kọ́kọ́ fi ojú sí i.

"Ta ló fẹ́ tà á?" Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi kan ètè. Wọ́n di ojú. "Òun ni," wọ́n wí. Wọ́n tún sọ ọ́, sí ara wọn: "Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá ò lé mi. Wọ́n ní mà á padà sí ìdí àwo, kí n máa fọ àwo tí wọ́n fi ń wọn ẹnu bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, títí àwọn á fi gbàgbé. Ọ̀gá kì í gbàgbé. Bàbá sì gbọ́dọ̀ tún gé èròjà wa jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní adùn rẹ̀ dà bíi ti bàtà òjò.

Nígbà tí a délé, Àǹtí fúnra wọn ló tú àpótí ìrìn àjò, wọ́n fi aṣọ Bàbá kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu Adájọ́ ló ń gbà bá mi sọ̀rọ̀: "Màmá, Dádì ní kí ẹ bá àwọn gbé iyọ̀. Dádì ní kì í ṣe pé àwọn ń bẹ̀ yín o."

Kí a tó dìde nídìí oúnjẹ ni Bàbá pè mí. "Ìyàwó, gbà á padà."

"Kí ni, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ. Níwájú gbogbo wọn lo ti sọ ọ́. Gbà á padà níwájú gbogbo wọn."

Mo dìde dúró. "Bàbá, ojú yín ríran. Orí yín pé. Èmi ni mo parọ́."

"Etí mi ń ṣe mí díẹ̀," ni Bàbá wí. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Àǹtí fi aṣọ bo ẹnu. Ọkọ mi wo àjà, mo rí i pé ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ó sì borí.

Irin mi, Bàbá fi fún Adájọ́. "Gbà, kò ní í gé ọ létè." Ọmọ náà dì í mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, ó béèrè bóyá owó ni àbí eyín. A wo ara wa. Ó jẹ búrẹ́dì mẹ́ta.

Mo bi Bàbá bóyá kí n wá nu yàrá wọn ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ronú sí i. "Eruku tó wà níbẹ̀," wọ́n wí, "jẹ́ kó máa sinmi fúngbà díẹ̀ ná." Wọ́n fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹ̀rín tí mo ṣe fún wọn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ìfẹ́ ọmọ kì í ṣe àwáwí. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹ mú owó wọn, ẹ mú oúnjẹ wọn, ẹ má mú ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú ojú ara wọn. Ìyẹn ò ní páárì tí a lè fọ́ láti rí i padà.

Ní báyìí, Àǹtí ti sùn sórí àga ní yàrá àlejò. Adájọ́ ti la ẹnu sílẹ̀, mo ti lọ gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi sùn sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ó fi ààyè sílẹ̀ fún mi.

Báyìí ni mo ń gbọ́ sílípáàsì Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn ìta, wọ́n fà á wò. Ó ti tì. Mo di bírò mi mú, mò ń retí kí wọ́n padà wá fà á lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Wọn ò padà wá. Bẹ́ẹ̀dì wọn dún. Ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, gbòòrò, láìbìkítà, bí ọkùnrin tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun ti tì.